Asẹ́ Tí Gbóyèga Fi Bo Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì da ojú fóònù yín bolẹ̀. Mo ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ láti Ṣàgámù dé Kàdúná, mo sì ti rí agbéraga lóríṣiríṣi. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, Abẹ́òkúta ni mo ti rí i, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbarà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Gbóyèga ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ọjọ́ tó jẹ̀bi rí. Bí tíì bá dànù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ife ni kò dúró dáadáa.

Ètò tí wọ́n ń kọ ni àwọn tó ń sin ẹja fi ń ra oúnjẹ ẹja lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ojúlé kan lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn nìkan ń wọ̀, níbi tí apá kọ̀ọ̀kan ti ń jábọ̀ ara rẹ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́ á yọ àwọ̀ ewé, èyí tó bàjẹ́ á yọ pupa. Ìyáàfin Ṣóyẹmí, ọ̀gá wọn, ní kí Gbóyèga kó gbogbo ìjábọ̀ náà jọ sójú kan, sórí pátákó tí wọ́n ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun yóò wò ó níwájú gbogbo ènìyàn, òun yóò sì fi ẹnì kan ṣe olórí wọn. Ọdún kejì rèé tí Gbóyèga ti ń lé oyè yìí. Bí ó ṣe ń rìn gan-an, bí olórí ni.

Ó ṣe pátákó náà, ó sì dára. Ó to apá kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, pupa mẹ́tàlá ló bá lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Dáṣíbọ́ọ̀dù yìí ní asẹ́ nínú: ohun tí o bá ní kí ó má kọjá, kò ní hàn. Ìbá ní kí asẹ́ bo àléébù Gbóyèga, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ asẹ́ wò yóò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí asẹ́ bo àléébù ẹni tó bá ń wo pátákó. Òun kúkú ló ń wò ó. Pupa mẹ́tàlá pòórá.

"Bàbá," ó pè mí, "ẹ wá wo bí iṣẹ́ gidi ṣe máa ń rí!"

Mo wò ó, mo ní ó dára. Kí ni mo mọ̀?

Láti ọjọ́ kejì ni ìgbéraga ti di àjàkálẹ̀ àrùn nílé iṣẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí pátákó náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni yóò bá ní mímọ́, tàwọn yòókù á pọ́n bí epo. Wọ́n wá ń kí ara wọn bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú iṣẹ́ yín o."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni kí Ọlọ́run tù nínú!"

Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ ètò náà, Mosúnmọ́lá nìkan ni ara fu. Lọ́jọ́bọ̀, ó tọ Gbóyèga lọ. "Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga, apá tèmi ń kú láràárọ̀, pátákó yín wá ní mo mọ́ bí òwú. Mo ti yẹ asẹ́ yín wò. Ẹni tó bá ń wò ó ló ń bo àléébù fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí ọ̀gá tó ṣí i lọ́la."

Gbóyèga rẹ́rìn-ín ìyàngì. "O fẹ́ kí n tú pátákó mi ká kí oyè lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́, àbí? Ìlara ló ń ṣe ọ́."

"Ó dáa, ẹ wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà tèmi."

"Kí ni mo fẹ́ wò lórí agolo yẹn?"

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyáàfin Ṣóyẹmí so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Èmi ń pín omi. Gbóyèga jáde síwájú, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé àwo ọrẹ.

"Ẹni tó bá rí pupa kan ṣoṣo lábẹ́ orúkọ mi," ó ní, "kí ó nawọ́."

Gbogbo ilé nawọ́. Èmi náà ìbá nawọ́, omi ló wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ò rí ìlara bí?" ni Gbóyèga wí.

"Gbóyèga," ọ̀gá dáhùn, "yíjú padà."

Ó yíjú. Mẹ́tàlá, gbàgàdà-gbàgàdà, orúkọ rẹ̀ lókè wọn. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo ògiri. "Mà, lọ́dọ̀ tèmi, ó mọ́."

"Lọ́dọ̀ tèmi náà, èmi mọ́," ni ọ̀gá wí. "Bẹ́ẹ̀ apá tí mo fọwọ́ ara mi kọ ti kú láti ọjọ́ Ajé. Ta ló fi asẹ́ yìí síbẹ̀?"

Gbóyèga rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ọ̀gá yọ asẹ́ kúrò, pupa kálukú sì jáde. Mosúnmọ́lá dìde, ó ka mẹ́sàn-án tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ti tún mẹ́fà ṣe. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí. Gbóyèga ni wọ́n ní kí ó máa gbé fóònù àwọn oníbàárà fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ̀kan nínú mẹ́tàlá rẹ̀ sì ni ibi tí oníbàárà ti ń kọ àdírẹ́sì. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn ẹni àkọ́kọ́ tó pè:

"Ìwọ lo gbé oúnjẹ ẹja mi lọ sí Ìlaròó? Ọ̀dẹdá ni mo wà! Ṣé kí n kó ẹja lọ bá oúnjẹ ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, àléébù tí o bá bò lójú ara rẹ kò kúrò nílẹ̀. Ojú rẹ nìkan lo dí. Bí ẹnì kan bá sì wá sọ ọ́ fún ọ ní kọ̀rọ̀, má lé e. Ó fẹ́ yọ ọ́ nínú ìtìjú gbangba ni. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.