Àga tí a Gbé fún Ìyá Àlíù

Kí ìjàm̀bá ọkọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni Ìyá Àlíù máa ń wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ Tíṣà Silas Kìtán ní ìlú Oǹdó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, abọ́ tánganran ló ń tà, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá ò gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, "hello" nìkan ló ń rí sọ, ojú a sì máa tì í. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Àlíù àti Johnson, ọmọ kan ṣoṣo tí Leah ìyàwó Tíṣà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ iná sólà ní Àkúrẹ́. Bí ahọ́n ìyá náà bá kọsẹ̀, Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Fíkà Adébùsóyè wá bá Tíṣà nílé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì. Wọ́n jókòó, wọn ò fọwọ́ kan omi tó gbé fún wọn. Fíkà ní ọkọ̀ tí àwọn ọmọ méjèèjì wọ̀ bọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè ti forí sọ igi. Ó ní ọ̀kan wà ní ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ó wá ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Èkejì ńkọ́?" Tíṣà bi í. "Àlíù ni?"

Fíkà wolẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní kí wọ́n gbàdúrà. Tíṣà dàgbà tó láti mọ̀ pé a kì í túfọ̀ ọmọ ní tààrà. Bí àgbà bá ti wolẹ̀ báyẹn, ó ti dáhùn. Ó fọwọ́ lérí.

"Ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ báyìí o," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà."

Fíkà ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún irú wọn. Ó wá bi Tíṣà bóyá òun náà ń lo oògùn tirẹ̀ déédéé. Tíṣà ní òun ń lò ó. Nígbà tó ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun, wọ́n ní dókítà ò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé, pé fóònù Johnson sì ti fọ́. Orúnkún tó ń dùn ún kò sì jẹ́ kó lè dá lọ, ó gbà fún wọn.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Àlíù ti ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Á gbé mọ́ínmọ́ín eléwé wá, á dúró títí Tíṣà á fi jẹ ẹ́ tán. Tíṣà ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní Ìyá Àlíù mọ́, Àlàájà ló ń pè é. Òun náà ò pè é ní Bàbá Johnson mọ́. Ó ní Tíṣà ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe olùkọ́ rẹ̀. Kò fìgbà kan béèrè Àlíù. Èyí ló ń dun Tíṣà jù, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì lè wo ojú ìyá náà.

Ó wá ronú pé bóyá ẹ̀kọ́ lè bá òun múra ọkàn ìyá náà sílẹ̀ fún ìròyìn náà díẹ̀díẹ̀. Ó fo ojú ìwé mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ "may", "might" àti "could". Ó ní "may" ni ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀. "Might" náà bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìrètí tirẹ̀ tín-ín-rín. "Could" kò ju pé a ò lè sọ pé kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé "Aliu may come home." Nígbà tí ìyá náà tún wá, ó fi "might" rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà rọra dà á kọ.

Kí ìyàtọ̀ lè hàn, ó kọ òmíràn sísàlẹ̀: "Johnson will come home." Ìyá náà wò ó pẹ́.

"Tíṣà, ẹ fi 'may' sí ìyẹn náà."

"Ti Johnson dájú."

"Ẹ ṣáà bá mi fi sí i. Ọlọ́run nìkan ló dájú."

Tíṣà pa á rẹ́ kó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ojú, kò sì tètè wọlé. Àánú rẹ̀ ṣe Tíṣà. Ó sọ sínú pé inú ìyá ti ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, Fíkà ránṣẹ́ pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa sọ ọ́, nílé Tíṣà. Tíṣà gbé àga onítìmùtìmù tó jẹ́ ti Leah sẹ́bàá ògiri, kí ìyá náà lè rí ibi fẹ̀yìn tì bí òòyì bá kọ́ ọ. Ó gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá abẹ̀bẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó rò ó títí, kò rí ohun tó kù tí òun lè ṣe.

Wọ́n dé, Fíkà, àwọn àgbà méjèèjì àti nọ́ọ̀sì kan. Ìyá Àlíù ló wọlé kẹ́yìn. Tíṣà na ọwọ́ sí àga náà.

"Ẹ jókòó, Àlàájà."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó, Tíṣà."

Tíṣà jókòó nítorí kò fẹ́ bá a fà á lọ́jọ́ tó rí báyẹn, nọ́ọ̀sì sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ tì í, kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ń wo ẹnu Fíkà.

Géètì dún, Àlíù sì wọlé, ó fi igi méjì ti abíyá, ó gbé báàgì Johnson kọ́rùn.