Adẹ́mu Ìlá Tó Fi Igbà So Ara Rẹ̀ Mọ́ Ọ̀pẹ

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí aláìsàn yín ń lọ tó ń bọ̀ ní ọsibítù. Ọmọ ilé wa ló ṣẹlẹ̀ sí, ní Ìlá Ọ̀ràngún, nígbà tí owó náírà ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa.

1.
Èṣùbíyì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí adẹ́mu tó jù ú lọ láti Ìlá dé Ọ̀rà. Bó bá ti fi igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, de ara rẹ̀ mọ́ igi, orin ni yóò máa kọ lọ sókè. Lọ́jọ́ kan, igbà yọ̀ lára ọ̀pẹ tí òjò ti pa, Èṣùbíyì já bọ́, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó pẹ́ gan-an lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kí egungun náà tó so pọ̀.

Ìgbà tó so tán ni nǹkan mìíràn yọjú. Bí wọ́n bá ti gbé e dìde, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, òógùn tútù á bò ó, á sì dákú. Dókítà sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ lè máa lọ sílé. Ilé yín ni kí ẹ máa sùn. Àmọ́ ìdúró àti ìrìn, ọ̀dọ̀ wa níbí ni kí ẹ ti máa wá ṣe é."

2.
Dinah, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn rìn, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Dinah á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó dìde, á tún wọ̀n ọ́n bó bá dìde tán. Èṣùbíyì á wá di irin méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ mú, á máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń yí, Dinah á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kíákíá, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, á sì ránṣẹ́ pe dókítà.

Èṣùbíyì kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Sàlámì télọ̀ tí apá rẹ̀ kán, ẹ ní kó máa ṣe tiẹ̀ nílé. Kí ló dé tí èmi ń wọ mọ́tò wá síbí?"

"Apá ló ń dun Sàlámì, Bàbá. Kì í dákú. Ẹ̀yin, bí ẹ bá dákú nílé, ta ni yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n dákú."

"Ẹ dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá."

3.
Àlàó, adẹ́mu ẹgbẹ́ rẹ̀, bá a dé ọsibítù lọ́jọ́ kan, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹmu tí Èṣùbíyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Àlàó ló bẹ̀rẹ̀.

"Èṣùbíyì, ìwọ tí ò ń wo òrùlé gbogbo ìlú láti orí ọ̀pẹ, ìwọ ni ọmọdébìnrin ń kọ́ ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Bó o bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ó máa ń fún ẹ ní àkàrà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èṣùbíyì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Kò lọ sí ọsibítù mọ́.

Ìyádùnní, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Bọ́láwùmí, ẹ jẹ́ kí Àlàó máa rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ tiyín ni, kì í ṣe tiẹ̀."

"Igbà ló ń gbé mi láti kékeré. Ṣé irin wọn ló máa wá gbé mi jù ú lọ?"

4.
Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó mú igbà rẹ̀, ó fi so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé, bí adẹ́mu ṣe ń ṣe é gan-an. Ó fẹ̀yìn ti okùn, ó dúró. Igbà kò jẹ́ kó ṣubú. Inú rẹ̀ dùn.

"Ìyádùnní, wá wò ó. Ẹ̀yìn ilé ni ọsibítù tèmi."

Ó di ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ó ti so ara rẹ̀ tán nígbà tí Ìyádùnní gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná, tó sì lọ ra iyọ̀ lọ́jà. Èrò pọ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó ń lọ sọ́jà gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

"Bàbá, ẹ kú ìdúró o."

Kò dáhùn. Wọ́n ní ìgbéraga rẹ̀ ti tún dé. Àlàó náà kọjá.

"O mà ti dúró gbọnyin lónìí. Ó kù kó o gùn ún."

Kò dáhùn. Àlàó ní, "Ó ṣì ń bínú sí mi," ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìyádùnní dé, ó ní kó wá wẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara rẹ̀ ti tutù.

Òkú ni, lórí ìdúró. Òkú ni gbogbo àwọn ọlọ́jà ń kí láti àárọ̀.

5.
Àlàó ló tú igbà náà. Òun náà ló tẹ́ òkú náà sílẹ̀.

Nígbà tí Dinah gbọ́, ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó bá dákú, ilẹ̀ ló ń gbà á. Bó bá ti nà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà sí orí rẹ̀. Igbà yẹn ni kò jẹ́ kó ṣubú."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú la gbọ́dọ̀ lọ ṣe ní ọsibítù. Bí dókítà bá ní ẹ máa ṣe é nílé, ẹ ṣe é nílé bó ṣe wí. Àmọ́ bí aláìsàn bá ń dákú, tàbí tí ọkàn rẹ̀ tàbí èémí rẹ̀ kò gún, tí wọ́n wá ní ibi tí dókítà wà nítòsí ni kó ti máa ṣe é, ẹ má jiyàn, ẹ má sì tìtorí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni jókòó sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aláìsàn ṣẹ̀sín, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹ kò mọ ibi tí ẹ ń rán an lọ. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé. Asárétete kò róyè jẹ.