Ìṣó Mẹ́jọ Lábẹ́ Páànù

"Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá," ni Káfíńtà wí, "ṣùgbọ́n àjà tí èmi bá fọwọ́ ara mi dí, ẹranko kan ò ní gbé ibẹ̀."

Inú ti ń bí i láti ìjẹta. Láràárọ̀ ni nǹkan ń sáré lókè àjà rẹ̀. Ó dá a lójú pé Ìyá Tíṣà tó ń gbé yàrá kejì ló fà á, nítorí ìyá náà máa ń da èérún búrẹ́dì sójú fèrèsé fún ẹyẹ.

"Mà, ilé èèyàn nìyí, kì í ṣe ọgbà ẹranko!"

"Káfíńtà, ṣé ẹyẹ ló ń sáré lókè àjà yín ni?"

"Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wá jẹun. Ẹni tó jẹun yó, ṣé kò ní wá ibi sùn ni?"

Ọmọ Káfíńtà obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, dúró ti àkàbà. Òun ló kọ́kọ́ rí ihò náà lábẹ́ páànù, òun ló sì rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé koríko àti òwú wọbẹ̀.

"Dádì, ó ti jáde."

"Ohun tí mò ń retí nìyẹn." Ó kan pákó mọ́ ihò náà, ìṣó mẹ́jọ.

Fún ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀kẹ́rẹ́ ń yí páànù ká, ó ń họ pákó, ó ń ké. Káfíńtà pe ìyàwó rẹ̀ síta wá wòran.

"Wò ó bó ṣe ń bẹ̀ mí!"

"Kò jẹun o, Dádì," ni ọmọ náà wí. "Búrẹ́dì wà ńbẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó."

"Kó lọ jẹun nílé bàbá ẹ̀."

Lọ́jọ́ karùn-ún, òórùn dé. Káfíńtà fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn Ìyá Tíṣà.

"Kí lẹ tọ́jú pamọ́ tó ń rà?"

Ìyá ṣílẹ̀kùn gbayawu. Yàrá mọ́ tónítóní. Ìyẹn tún wá bí Káfíńtà nínú ju òórùn lọ. Ó ránṣẹ́ pe onílé, onílé bo imú, ó ní kí ìyá kó jáde.

Nígbà tí àpótí ìyá tó kẹ́yìn dé ìta, yàrá ṣófo, òórùn kò lọ.

"Òkè ló ti ń wá, Dádì," ni ọmọ náà wí.

Káfíńtà gbé àkàbà, ó fa ìṣó mẹ́jọ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ojú wọn kò tíì là jáde nínú koríko àti òwú, ó sin wọ́n, ó wẹ ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru àwọn àpótí Ìyá Tíṣà padà sínú yàrá.