Bàtà Awakọ̀

Kò sí ajá tí obìnrin náà kọ́ tí kì í gbọ́ràn, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Tísà Ajá. Ajá tó ń mú afọ́jú rìn ló ń kọ́, èyí tó sì fi ń yangàn jù nínú wọn ni Awakọ̀. Bàbá Télọ̀ ló sọ ajá náà lórúkọ yẹn. Ojú bàbá ti fọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́. Láràárọ̀ ni Awakọ̀ ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti fi lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, kó lè bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

Òpó iná kan wà níbi tí wọ́n ti máa ń yà sọ́nà ṣọ́ọ̀bù. Tísà ti kọ́ ajá náà pé kó mú bàbá dé ìdí òpó yìí, kí bàbá fọwọ́ kàn án, kó mọ̀ pé òun ti dé kọ̀rọ̀, kí wọ́n tó yà. Ó pẹ́ tó ti ń lọ geere bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí Awakọ̀ yarí. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, kò ní sún mọ́ òpó náà mọ́, á máa fa bàbá bọ́ sójú títì. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbá wọn.

Ọmọ Bàbá Télọ̀ wá bá Tísà nílé.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ajá yín fẹ́ pa bàbá mi. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, màá dá a padà fún yín, Bàbá á sì jókòó sílé."

Bàbá Télọ̀ gbọ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kóun jókòó sílé, kó kúkú gbẹ́lẹ̀ sin òun.

Ni Tísà bá tẹ̀ lé bàbá àti ajá náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ òpó náà ni ajá dúró gbagidi.

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni Tísà wí, ó sì fi okùn ọwọ́ rẹ̀ nà án. Awakọ̀ ké. Ó tún nà án.

"Rọra, Tísà," ni bàbá wí. "Awakọ̀ mi kì í ṣe oníwàhálà."

Ọ̀nà ilé ni wọ́n gbà padà. Nígbà tó yá, Tísà nìkan padà wá síbi òpó náà, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní òdìkejì títì sì pè é.

"Ìyá, ẹ kàn ń na ajá yẹn lásán ni. Kò sí ajá tí kì í fò níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ó jọ pé iná ń jò láti ara òpó yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwọ ò fi mọ̀ ọ́n lára?"

"Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Ti ajá ńkọ́?"

Tísà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ tútù náà. Ó ta á bí agbọ́n. Igbe tí ajá náà ké padà sí i létí.

Ó lọ sílé iṣẹ́ iná, wọ́n ní àwọn á wá wò ó. Ó wá gba ilé Bàbá Télọ̀ lọ láti sọ fún un, ṣùgbọ́n Awakọ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ju ìrù sí i bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ojú ti Tísà. Báwo ló ṣe máa sọ fún bàbá pé ajá tóun nà níwájú rẹ̀ kò ṣẹ̀? Ó rò ó pé bí wọ́n bá ti tún òpó ṣe, ọ̀rọ̀ náà á bá omi lọ. Ó kí bàbá, ó sì padà sílé.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Tísà ní kí ọkùnrin oníbàtà fi rọ́bà táyà rán bàtà mẹ́rin fún ajá náà, kó sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn dáadáa. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún un, ó sì kọ́kọ́ mú un nìkan lọ sídìí òpó nínú òjò wínníwínní. Awakọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò fò, kò ké. Tísà dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní kó má bínú.

"Kí ló ń dún pà, pà yìí?" ni Bàbá Télọ̀ bi í nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀. "Àbí awakọ̀ mi ń lọ síbi ìgbéyàwó ni?"

"Bàtà ni, Bàbá. Àfọ́kù ìgò ti pọ̀ jù lọ́nà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹni tó bá lè ro ti ajá báyìí, ṣé kò ní ro tèèyàn?"

Tísà tẹ orí ba, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Tísà dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ tó ti na ajá náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. Ọmọ Bàbá Télọ̀ ni, kò wé gèlè, òjò ti pa á gan-an, ẹkún ò sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Awakọ̀ ńkọ́?" ni Tísà bi í. "Ṣé bàtà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Tísà, kò tiẹ̀ janpata rárá, ó mú Bàbá lọ bá òpó náà tààrà bí ẹ ṣe kọ́ ọ, wọ́n na ọwọ́ dì í mú, òpó náà ò sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn."