Ohun Tó Bá Omi Òkun Wọlé

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta tí àwọn sójà gbàjọba, omi òkun wọ inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ọ̀sà náà sì di oníyọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ará àdúgbò Houinmè ní nǹkan kan bá omi náà wọlé.

Ajá kan ló kọ́kọ́ kú létí omi, ìfófòó funfun lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lókè. Kó tó di oṣù kejì, wọ́n ti sin ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan náà ni ikú wọn: ara wọn á máa gbọ̀n, ojú wọn á yí sókè, wọ́n á máa jà bí ẹni tí nǹkan ń fà lẹ́sẹ̀ wọ inú ibú. Àwọn ìyá lé ọmọ wọn kúrò létí ọ̀sà. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n òfìfo.

Ọwọ́ Sikirou nìkan ni kò ṣófo. Ní ìdájí, á gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wọlé, èpìyà ńlá pẹ̀lú ọmọ ẹja tí kò tó ìka. Ara wọn a máa dán, kò ní sí àpá okùn àwọ̀n lára ìkankan. Nígbà tí Mouibatou ìyàwó rẹ̀ bá máa fi jí, àwọ̀n ti wà lára ògiri, gbígbẹ. Sikirou á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé Lafiatou, ọmọ wọn ọlọ́dún márùn-ún.

"Ọjà ni ti ẹja yìí," ló máa ń sọ. "Kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò wa."

Ẹ̀wà àti gaàrí lòun fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ó ní òórùn ẹja ti sú òun. Mouibatou rò pé ahun ló ń ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá kírun tán, á gun kẹ̀kẹ́ lọ kí Assani ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dáko òwú lọ́nà Avrankou, ilẹ̀ á sì ṣú kó tó dé.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àrìnpé wá sídìí ẹja Mouibatou lọ́jà Ouando. Opó ni, akàn ló ń mú létí ọ̀sà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó mú ẹja kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dá a padà.

"Ìyá Lafi, níbo ni ọkọ rẹ ti rí èyí?"

"Nínú omi ni, ìyá. Àbí orí igi ni wọ́n ti ń ká ẹja?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àrìnpé kò rẹ́rìn-ín.

"Akàn ń kú sínú ihò. Ọmọ ẹja ń léfòó bí ìyàngbò. Ohun tó ń pa ọmọ inú omi yóò pa ọmọ orí ilẹ̀. Má tà á mọ́, ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó ra ẹja lọ́wọ́ Mouibatou mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rù ú padà sílé pẹ̀lú ìbínú.

Ní ọjọ́ kẹta, ara Lafiatou bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sikirou sáré wọlé, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

"Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni." Mouibatou kò wo ojú ọkọ rẹ̀. "Kí ni oúnjẹ ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìyá yẹn ló fi ẹnu burúkú sọ ọ́!"

Sikirou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan. Ó gbé e bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọlọ́run ṣàánú wọn, ara ọmọ náà rọ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, Célestin, olórí ìgbìmọ̀ ìyípadà tí ìjọba sójà dá sílẹ̀ ládùúgbò náà, pe gbogbo ènìyàn sí gbangba.

"Èhuzu!" ló pariwo, igbe àwọn sójà pé ayé ti yí padà.

"Dandan!" ni wọ́n dáhùn.

Ó ní rédíò ti sọ ọ́: àwọn àjẹ́ ni ọ̀tá ìyípadà. Mouibatou dìde. Ó ka ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àrìnpé sọ lọ́jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo sọ.

"Kàmàráàdì Sikirou," ni Célestin wí, "ìwọ tó ń wà lómi lójoojúmọ́, ṣé o ti rí ìyá yìí níbẹ̀?"

Sikirou ń wo ilẹ̀. "Mo ti rí i."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣa òkú ẹja. Ó ń sin wọ́n."

Wọ́n ti gbá ìyá náà mú. Kò bá wọn jà. Ojú Sikirou ló ń wò.

"Ìwọ rí mi, Sikirou. Èmi náà rí ọ."

Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ní ó tún ti ń ṣépè. Wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ kamíọ̀n àwọn sójà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Mouibatou kò dúró di ìparí. Ó dé ilé, ó bá Lafiatou tó jókòó lórí ẹní, ọmọ náà ní ebi ń pa òun. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé ìkòkò kékeré tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀ wá. Ó bu ọbẹ̀ sábọ́, ó yọ egungun kúrò lára èpìyà bó ti máa ń yọ ọ́ fún un tí baba rẹ̀ kò bá sí nílé, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Kó tó kan ètè ọmọ náà ni Sikirou já wọlé, tó fi ẹsẹ̀ ta abọ́ dànù, tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì mú, tó ń wí pé, "Má fún un, Mouibatou, má fún un, oògùn tí Assani fi ń pa kòkòrò òwú ni mo ń dà sómi, òun ni mo fi ń pa ẹja."