Bọ́ọ̀lù Jẹ́jẹ́ Péńtà

Láti ọjọ́ tí Péńtà ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń kun ilé, tó sì fi apá ọ̀tún lulẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó lọ jókòó sílé títí ara á fi yá. Oṣù mẹ́ta kọjá. Nígbà tí ọ̀gá pè é kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́.

"Oṣù mẹ́ta rèé, bàbá. Mi ò lè máa dúró dè yín títí láé o."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Péńtà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá píkùbọ́ọ̀lù ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn: eré onípátákó pẹlẹbẹ àti bọ́ọ̀lù oníhò, tí wọ́n ń gbá kọjá àwọ̀n tí kò ju ìbàdí lọ. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní pálọ̀, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

"Gbogbo ibi tí pápá wà láyé, àfi ẹ̀yìn fèrèsé ọ̀gá yín? Bí wọ́n bá wá mọ bí apá yín ṣe rí gan-an ńkọ́?"

"Wọn ò ní mọ̀. Ìwọ ṣáà máa ju bọ́ọ̀lù."

Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà nínú ewu, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìyàwó ń ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ju bọ́ọ̀lù sí i, Péńtà ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan gbé e kọjá ẹ̀yìn àga, kó lè balẹ̀ sínú bàsíà ìfọṣọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo abẹ́ àga ló kún fún bọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rí i mú: bọ́ọ̀lù tí kò gba agbára, tó kàn ń ré kọjá àwọ̀n, táá sì kú sí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lódìkejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin onífìlà kan kọ́kọ́ yọjú sí pápá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, apá Péńtà ló ń wò ṣáá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà mú pátákó dání, ó ní Péńtà lòun fẹ́ bá gbá.

"Bàbá, ẹ mà mọ eré yìí o! Apá ò dùn yín?"

"Kí ló máa dùn nínú eré?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù sókè. Ọ̀kan gba orí Péńtà kọjá. Péńtà wò ó títí tó fi balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyẹn ti kọjá ilà," ló wí. Kò kọjá ilà kankan.

Obìnrin náà tún gbá òmíràn sókè. Ó yé Péńtà wàyí pé ọ̀gá ló rán an, pé ó fẹ́ rí apá náà lókè. Inú bí i. Láti ìgbà náà, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi jẹ́jẹ́ sí ìdí àwọ̀n, títí obìnrin náà fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Péńtà gba àmì mọ́kànlá, onífìlà gba mẹ́fà.

"Ọwọ́ yín rọ̀ o," obìnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó yọ fóònù, ó tẹ nǹkan sí i, ó sì lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ni Péńtà ń wò. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kà á, nítorí Péńtà fúnra rẹ̀ ò lè wò ó.

"'Ẹni tí a rán rí yín tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, láìsí ìrora kankan. Ìsinmi yín ti parí. Ẹ wá gun àkàbà láàárọ̀ ọ̀la, aago méje.'"

Péńtà dìde, ó lọ wá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé apá ọ̀tún tí kò tíì ga ju ìbàdí lọ láti ọjọ́ tó ti já bọ́, ó rọra tì í sínú ẹ̀wù iṣẹ́, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, Péńtà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé wọn ò rí òun mú, iṣẹ́ òun ò sì bọ́.