Lérè Ti Lọ sí Oòrùn

Láti àárọ̀ Sátidé yẹn ni Salome ti ń wo ọ̀nà ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Lérè. Ìbàdàn ló ti ń bọ̀ wá sí Òde-Ayé. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá rí àwọn àna òun, kí wọ́n lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Dora. Salome ti ro púpurú sílẹ̀, ó ti se ọbẹ̀ ẹja.

Iṣẹ́ tí Lérè ń ṣe ní yunifásítì kò fi bẹ́ẹ̀ yé wọn nílé. Ó ti ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ títí. Ó ní oòrùn a máa tu iná jáde bí ẹni tutọ́, irú èyí tó ń tan gílóòbù. Ilé ayé fúnra rẹ̀ sì dà bí irin òòfà ńlá tó ń darí iná, tí iná fi ń ṣàn bí odò lókè orí wa lọ́sàn-án gangan. Salome bi í bóyá ẹja wà nínú odò náà. Lérè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyádùnní, orogún Salome, kì í gbẹ́nu dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọmọ tèmi ń kọ́ lọ́yà, tìẹ ń ṣọ́ oòrùn. Ṣé aṣọ ló sá ni?"

Ọ̀sán ti pọ́n kí mọ́tò tó dé. Òyìnbó ọ̀gá Lérè ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ti bá Lérè wá rí. Ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó ń wá ọkọ́ tí yóò fi gbẹ́lẹ̀, ọkọ ló ń tọrọ kiri lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé.

Mákánjúọlá, awakọ̀ rẹ̀, kí Salome láìwo ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin ilé ló béèrè, ó sì wa mọ́tò lọ bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹrù kan wà lẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n fi aṣọ bò. Salome gbà pé ẹrù ìyàwó ni.

Òyìnbó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ojú rẹ̀ pọ́n; eruku ọ̀nà Ìbàdàn kò kéré. Ó ní Lérè ti lọ sí oòrùn.

Salome ní kó tún un wí. Ó tún un wí, ó sì na ìka sókè. Salome wòkè, ó rí oòrùn ní àtàrí.

Ọdún yẹn kan náà ni rédíò sọ pé òyìnbó ti fẹsẹ̀ rìn lórí òṣùpá. Ta ni wọn ì bá wá rán sí oòrùn, bí kò ṣe ẹni tó mọ odò iná ibẹ̀?

"Ìgbà wo ni yóò dé, ọ̀gá?"

Òyìnbó mi orí.

"Ọ̀nà ibẹ̀ jìn lóòótọ́," Salome ní. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Òyìnbó fi òkèlè àkọ́kọ́ kan ẹnu, ó sì dá a padà sínú àwo. Salome bu omi fún un, ó ní ata ni. Ó wá kọjú sí yàrá orogún rẹ̀.

"Ìyádùnní, jáde wá. Ẹni tó ń ṣọ́ oòrùn ti dé ibẹ̀. Lọ́yà tìẹ, Àkúrẹ́ ló dé mọ."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní òun yóò lọ sọ fún Dora kó fara balẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ gbọ́ ná. Ó gbé orin, ó ń jó lọ.

Orin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó yọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó bá wọn tí wọ́n ń gbé pósí Lérè sọ̀ kalẹ̀, tí Fọláránmi, àbúrò ọkọ rẹ̀, sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ọ̀run ni ọmọ náà lọ.